Bátìrì Ẹgbẹ́ Méjì àti Dáyóòdù Tútù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Niger Street láti kọ́ṣẹ́ ínfátà àti sólà, ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni ilẹ̀ gbígbá. Ó ní iṣẹ́ iná kò fẹ́ eruku. Mo gbálẹ̀ títí, mo pọnmi títí, mo ń lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wá láti ilé títí, n kò rí bátìrì kan tí eruku pa. Èyí tí mo rí tó kú, ọwọ́ ọ̀gá mi ló kú sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ló mọṣẹ́ jù ú lọ. Ó lè jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, kó máa ròyìn bí òun ṣe gbé iná wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road tí àwọn ẹ́ńjíníà ti sá fún, nígbà tí ínfátà oníbàárà tó ń gbọ́ ìtàn náà ṣì wà nílẹ̀ tí ikùn rẹ̀ là sílẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Ó ti gbé Kánò pẹ́ ju ọjọ́ orí mi lọ, síbẹ̀ Hausa rẹ̀ kò kọjá "sannu" tí wọ́n fi ń kíni àti "nawa ne" tí wọ́n fi ń bèèrè iye owó.

Èmi ní tèmi, Sábọ́n Gàrí ni wọ́n bí mi sí. N kò pẹ́ nílé ìwé. Ojú sì máa ń tì mí. Bí wọ́n bá ní kí n dìde kí n sọ orúkọ mi láàárín èrò, orúkọ náà á sá lọ mọ́ mi lórí. Hausa nìkan ni n kì í tijú sọ, bóyá nítorí pé ọjà ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ń tijú lọ́jà, ebi ni yóò pa á.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí mọ ohun tí à ń pè ní fírídọ̀mù. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbé irinṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́ níwájú èrò, tó gbàdúrà fún ọ, tí alága ẹgbẹ́ oníṣẹ́ sì fọwọ́ sí sàtífíkéètì rẹ, ọjọ́ náà lo tó lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọṣẹ́ ni ọ́, bí o tilẹ̀ hu ewú. Ọdún àdéhùn tèmi ti pé, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń sún un síwájú. Ó ní kí òjò dá ná. Òjò dá. Ó ní kí ọyẹ́ kọjá ná. Ọyẹ́ kọjá. Ó ní kí àwọn ẹbí òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ráyè wá ná. Àwọn ẹbí yẹn kò mọ̀ pé mo wà láyé.

Ìgbà tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa dé ló tó sọ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bí iná yìí bá gbé Ìkórè já láìsí wàhálà, mo ṣe fírídọ̀mù ẹ lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ́jú iná ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń tọ́jú ìkókó.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Nínú ìjọ wa, ẹ̀bùn tí kò bá ní orúkọ lára, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run kò ní mọ ẹni tó fún òun. Orúkọ ẹgbẹ́ wà lára fáànù, ó wà lára agogo ògiri, ó wà lára gbogbo àga. Garawa tí a ń da ilẹ̀ sí pàápàá, wọ́n kọ ọ́ sí i pé "Ẹ̀bùn ọpẹ́ láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Afògohàn". Afògohàn ni ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin. Olórí wọn ni Alàgbà Oyèníran, bàbá kan tó sanra, tó ń gbé Hòtóró, tó sì tún jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ iná. Ọwọ́ tí yóò fọwọ́ sí sàtífíkéètì mi nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ń jẹ́ Olóore. Ìyá Ìjọ, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ló ń darí wọn.

Afògohàn ló kọ́kọ́ ra bátìrì ńlá kan, pẹ̀lú sólà tó ń rọ iná sí i, fún ínfátà tó ń gbé gbohùngbohùn àti gílóòbù. Kò pẹ́ tí Olóore fi ra tiwọn, tó tún tóbi jù ú lọ, pẹ̀lú sólà tirẹ̀ lórí òrùlé. Wọ́n ní kí ọ̀gá mi so ó mọ́ ti àtijọ́. Ọ̀gá mi so wọ́n pọ̀ tààrà, wáyà pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ó gba ọpẹ́, a lọ sílé.

Bátìrì kò mọ ẹgbẹ́ tó rà á. Bí o bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó bẹ́ẹ̀, èyí tó lágbára á máa tú iná rẹ̀ sínú èyí tó ti gbó, á máa tú u lójoojúmọ́, títí àwọn méjèèjì á fi jọ rẹ̀. Nígbà tí gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìwàásù, ọ̀gá mi ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò yẹ kó ṣàlàyé rẹ̀ níwájú Ìyá Ìjọ.

Ìyá Ìjọ ní, "Nílé, àwa là ń bọ́ wọn. Ṣé ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, bátìrì wa ni yóò tún máa bọ́ tiwọn?"

Alàgbà Oyèníran rẹ́rìn-ín àgbà. Ó ní kí ìyá má bínú, ó ní àwọn bátìrì méjèèjì ti di ara kan, bí ọkọ àti aya.

Ìyá Ìjọ ní, "Bàbá, bátìrì wa kò tíì lọ́kọ."

Wọ́n pa á láṣẹ fún ọ̀gá mi pé kí bátìrì méjèèjì máa gbé ínfátà kan náà, ṣùgbọ́n kí ìkankan nínú wọn má fi ẹnu kan iná èkejì. Iṣẹ́ dáyóòdù nìyẹn. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà ni pé dáyóòdù dà bí mágádì lẹ́nu géètì. Ẹni tó ń jáde, á jẹ́ kó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gba géètì kan náà wọlé padà, á tì í mọ́ ọn lójú. Fi mágádì kọ̀ọ̀kan sẹ́nu bátìrì kọ̀ọ̀kan, iná á máa jáde lọ sí ínfátà, kò ní lè gba ibẹ̀ wọ bátìrì ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n dáyóòdù lásán, mágádì olójúkòkòrò ni. Kò sí iná tó máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá tí kò ní bù nínú rẹ̀, èyí tó bá sì bù, ooru ló fi ń ṣe. Ọ̀gá mi fi méjì síbẹ̀. Nígbà tí àwọn akọrin fi máa kọ orin kẹta, àwọn dáyóòdù náà ti gbóná débi pé èèyàn lè fi wọ́n dín àkàrà kósáì. Òórùn rọ́bà jíjóná bo ti tùràrí mọ́lẹ̀. Ínfátà ń ké fíín-fíín nítorí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó, àwọn kan sì ń gbè é bí orin.

Màlámù Kabiru, tó ń ta pààtì, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ iná, lọ́jà, ló yọ wá. Èmi ni ọ̀gá rán sí i, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ Hausa. Mo kí i, mo ṣàlàyé bí ìjọ méjì ṣe ń bẹ nínú ìjọ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí tí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀dù kékeré kan jáde, ó ní, "Kanwata, wannan ba ya zafi." Àbúrò mi ló pè mí, ó ní èyí kì í gbóná.

Àídíàlì dáyóòdù ni wọ́n ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀bù, a sọ ọ́ ní dáyóòdù tútù. Ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ni ohun tí à ń pè ní mọ́sífẹ́tì, ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé bó bá ṣí, ó ṣí gbayawu, iná kò ní fẹ̀gbẹ́ họ ara ẹnu ọ̀nà kọjá. Ẹni tó ń ṣí i tó ń tì í ni kọntirólà, kiní dúdú kan tó kéré bí kòkòrò ẹ̀wà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kọntirólà ń ṣe ni kó máa wo iwájú kó máa wo ẹ̀yìn. Bí iná bá ń lọ síwájú, á ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá fẹ́ yí padà, ẹ̀yin kò ní tíì ṣẹ́jú tó fi máa tì í. Bí ẹnì kan bá sì so bátìrì mọ́ ọn lódì, kò ní ṣílẹ̀kùn rárá. Kì í gba rìbá, kì í sùn, kì í sọ̀rọ̀. N kò tíì rí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa.

A so ó. Ó tutù bí ìkòkò omi. Ínfátà dákẹ́ ẹkún. Ọ̀gá mi sọ fún gbogbo ìjọ pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni òun fi gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run tó fi bọ́ọ̀dù náà han òun. Màlámù Kabiru kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀gá ti wá fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà ni pé ó ní kí n fi gílóòbù kékeré kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí iná rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, gílóòbù tirẹ̀ á tàn. Bí agbára wọn bá dọ́gba, méjèèjì á tàn. Bí ìkan bá ga ju èkejì lọ, òun nìkan ni yóò máa gbé ẹrù. Ọ̀gá rò pé inú àwọn èèyàn á dùn láti rí ẹ̀rí. Láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn, kò sẹ́ni tó wo pẹpẹ mọ́. Wòlíì á máa ké sí wọn lókè, wọ́n á máa na ọrùn wo igun tí bátìrì wà. Bí gílóòbù Olóore bá dá tàn, àwọn ìyá á pariwo àmín tí kò bá ìwàásù mu. Olóore ló sì sábà máa ń dá tàn, nítorí tiwọn ló ṣì jẹ́ tuntun. Wọ́n hun ìbòrí fún bátìrì wọn, oníléèsì, bí èyí tí à ń fi bo àga pálọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí aṣọ rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìyàwó lójú.

Nígbà tí Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, Alàgbà Oyèníran ní òun fẹ́ gbé bátìrì Afògohàn lọ sílé òun ní Hòtóró, kí òun lọ rọ iná sí i dáadáa. Ọ̀gá mi ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn tú u. Mo ṣì ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà á gbà jáde lẹ́nu mi nígbà tí wọ́n ti gbé e sínú mọ́tò.

Àárọ̀ Ìkórè, mo tètè dé láti yẹ gbohùngbohùn wò. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti pàdé bátìrì náà. N kò dá a mọ̀. Wọ́n ti kùn ún ní búlúù láti òkè délẹ̀, àwọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n sì fi funfun kọ AFÒGOHÀN sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Ọ̀dà náà bo orí bátìrì, ó bo àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò tí wọ́n tẹ̀ sí i láti ilé iṣẹ́ láti fi pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù hàn. Irin méjèèjì tí à ń de wáyà mọ́ nìkan ni wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára wọn.

Alàgbà fúnra rẹ̀ ló so ó, nínú sùtánà funfun, lẹ́sẹ̀ lásán. Tẹ́lẹ̀, ògiri ni ibi tí wọ́n kọ orúkọ sí yìí máa ń kọjú sí. Alàgbà ní ta ló ń kọ orúkọ fún ògiri? Ó yí bátìrì náà po kí orúkọ lè kọjú sí ìjọ. Wáyà pupa wà lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà ló tún gbé e lọ, kò mọ̀ pé irin pọ́sítíìfù ti bọ́ sọ́wọ́ òsì. Bí wáyà ṣe fẹnu kan irin, iná ta pàrà níbi ẹ̀rọ tó ń gba iná sólà Afògohàn, fíúùsì rẹ̀ já. Alàgbà fò sẹ́yìn díẹ̀, ó nu ọ̀dà búlúù ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sùtánà, ó ní, "Agbára ti dé." Àwọn ọkùnrin tó dúró tì í ní àmín.

Mo wo gílóòbù Afògohàn. Ó ṣókùnkùn. Mo wo ti Olóore, ó ń tàn, ínfátà kò sì ké. Mo fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, ó tutù. Bó bá jẹ́ pé bí ọ̀gá mi ṣe so wọ́n pọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì wà, bátìrì méjèèjì ìbá ti dojú ìjà kọ ara wọn ní kíkún, wáyà ìbá ti yọ́, omi ásíìdì ìbá sì ti fọ́n sí Alàgbà lójú. Kiní dúdú yẹn rí i pé iná ọ̀dọ̀ Afògohàn ń wá lódì, ó tilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí Olóore máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́.

Mo lọ bá ọ̀gá mi lẹ́yìn òpó, mo sọ ọ́ fún un ní jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Ṣé iná wà àbí kò sí?"

Mo ní ó wà.

"Pa ẹnu ẹ mọ́ nígbà yẹn. Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé ẹ?"

Mo pa á mọ́. Ẹnu pípamọ́ kì í ṣe iṣẹ́ fún mi. Ìsìn bẹ̀rẹ̀, orin dùn, gbohùngbohùn kò já. Mo ti ń rí ara mi nínú ọkàn tí mo ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ìsìn ì bá parí bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé wọ́n pe Alàgbà Oyèníran láti wá dúpẹ́.

Ó gba gbohùngbohùn, kò sì tètè dúpẹ́. Ó ní kí ará gbọ́ bí ohùn òun ṣe ń dún ketekete, ó ní èyí kò ṣẹ̀yìn bátìrì Afògohàn, tí àwọn rọ iná sí ní Hòtóró, tí òun fi ọwọ́ òun so lówùúrọ̀. Ó ní kí á má fojú di nǹkan ògbólógbòó. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìjọ kò dìde. Orí ìjókòó rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, gílóòbù tiyín kò tàn."

"Gílóòbù ló jó."

"Tiwa ń tàn."

Ariwo díẹ̀ sọ. Wòlíì na ọwọ́ kí wọ́n dákẹ́. Alàgbà wojú àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá rántí mi. "Kẹ́mi dà, ọmọ oníná? Ọmọ mi, lọ yọ wáyà tiwa, kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì á ṣe dákẹ́."

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Ọ̀gá mi ń mi orí sí mi lẹ́yìn òpó bí alángbá, pé kí n má ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi.

"Bàbá, ṣé kí n yọ ọ́?"

"Mo ní kí o yọ ọ́."

Àgbàlagbà ló rán mi níṣẹ́, wọn kò sì kọ́ mi nílé pé kí n máa bá àgbà jiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tì, mo yọ wáyà pupa, mo yọ dúdú náà kó má baà jẹ́ pé iṣẹ́ àbọ̀ ni mo ṣe. Alàgbà ti ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nínú gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ ó rí i báyìí, ẹ̀yin ará, ẹ ó rí i pé láìsí Afògohàn, ohùn yìí kò ní jáde mọ́." Ohùn náà jáde. Ó jáde gba fèrèsé, ó dé ọ̀dọ̀ onísúyà tó wà lójú títì. Alàgbà tún bèèrè pé, "Ṣé ọmọ yìí ti yọ ọ́?" Ìyẹn náà jáde ketekete.

Mo na ẹnu wáyà méjèèjì sókè kí wọ́n rí i.

N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run rí. Àwọn ìyá ń yí lórí àga tí orúkọ Afògohàn wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi Hausa sọ ọ́ fún àwọn tó wà níta. Wòlíì fi Bíbélì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé òun kò ní fọwọ́ sí ìwé ọmọ tó dójú ti àgbà. Ọ̀gá ní, "Ṣé mi ò sọ fún ẹ?" Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. Mo gbálẹ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú omijé. Gbogbo ọdún tí mo ti lò, sípánà kan tú u.

Ìyá Ìjọ ló gbọ́, ó pè mí, mo sì sọ fún un bí Alàgbà ṣe so wáyà lódì. Kò wá bẹ Alàgbà, kò sì bá a jà. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Hòtóró, ó ní òun gbọ́ pé kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé Kẹ́mi, ó ní kò burú, olórí ló ń jẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ohun kan ni òun ń bẹ̀. Kó jọ̀ọ́, kó wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún gbogbo oníṣẹ́ iná nínú ìpàdé wọn, kí àwọn náà gbọ́ bí alága wọn ṣe so bátìrì lódì nítorí orúkọ. Ó ní òun á wá jókòó níbẹ̀, òun á sì gbé bátìrì búlúù náà dání kó má baà gbàgbé ọ̀nà tó kọjú sí.

Alàgbà fọwọ́ sí i kí ìyá tó sọ̀ kalẹ̀ ní pèpéle ilé.

Níbi fírídọ̀mù mi, Alàgbà gbàdúrà gígùn, àdúrà tó dára, kò sì wojú mi. Ọ̀gá mi sọ fún àwọn àlejò pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti mọ̀ pé ọmọ yìí á di nǹkan. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ ṣé. Mo jókòó.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ti ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, dáyóòdù tútù ni, fún ẹni tó bá ní bátìrì méjì tàbí sólà àti jẹnẹrétọ̀, tí kò fẹ́ kí ìkan máa jẹ èkejì. Kò tíì pẹ́ tí mọ́tò kan gbé bátìrì tuntun wá láti Hòtóró, tí Alàgbà Oyèníran ní kí n so sílé òun. Wọ́n ti kùn ún ní búlúù, mo sì ti ń wá ìṣó tí mo máa fi ha ọ̀dà náà. Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, n kò rí orúkọ ẹgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Àmì àròpọ̀ kan ni mo rí, funfun báláú, tó gba ìdajì orí bátìrì.